Kí ló dé tí CBN ò kàn tẹ owó sí i? Ìtàn àríyànjiyàn lórí owó àti ọ̀wọ́n gógó, láti Cairo títí dé àpò yín

Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ìròyìn nípa bí oúnjẹ ṣe ń gbówó lórí, ó dájú pé ẹnìkan á bi mí pé: "Ṣebí CBN ló ń tẹ owó? Kí ló dé tí wọn ò kàn tẹ̀ ẹ́ sí i, kí wọ́n pín in fún gbogbo wa, kí ìyà tán?"

Ìbéèrè gidi ni o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti lé ní 600 ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bá irú ìbéèrè yìí wọ̀yá ìjà, wọn ò sì tíì fẹnu kò tán. Mo kọ èyí kí ẹ lè máa padà sí i nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ tí aláṣẹ kan ń sọ pé "ohun báyìí ló fa ọ̀wọ́n gógó". Ìdí ni pé ẹni tó bá sọ ohun tó fà á ti dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi, ó sì ti yan ẹni tó máa jìyà àtúnṣe.

Ohun tí mo pè ní ọ̀wọ́n gógó níhìn-ín kì í ṣe pé tòmátì nìkan wọ́n nítorí òjò. Ó jẹ́ ìgbà tí gbogbo ọjà lápapọ̀ ń gbówó lórí, láti oṣù dé oṣù, tí náírà kan náà kò sì lè ra ohun tó rà lọ́dún tó kọjá mọ́.

Ẹ wo èdè wa ná

Tí Yorùbá bá ní "epo wọ́n", ohun méjì ló lè jẹ́: bóyá epo ò sí, tàbí epo wà àmọ́ owó rẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ pé a ra nǹkan ní ọ̀pọ̀, ìyẹn ni pé owó rẹ̀ kéré. Èdè wa ti gbà pé ohun tí kò bá tó ló ń gbówó lórí, ohun tó bá pọ̀ ló ń rọjú.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà náà wà. Apá kan ní: ọjà ló wọ́n. Apá kejì ní: rárá, owó ló pọ̀ jù, òun ló sọ iyì nù.

Cairo: wúrà Mansa Musa àti bàbà al-Maqrizi

Lọ́dún 1324, Mansa Musa, ọba Mali, gba Cairo kọjá nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ó ná wúrà, ó fi wúrà ta àwọn èèyàn lọ́rẹ, débi pé iye wúrà já wálẹ̀ nílùú náà. Al-Umari, tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 12 lẹ́yìn náà, sọ pé wúrà ò tíì padà sí ipò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ba wúrà náà jẹ́. Ó kàn pọ̀ ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1405, ìyàn mú ní Íjíbítì, ọjà sì gbówó lórí kọjá àfaradà. Al-Maqrizi, òpìtàn tó ti ṣe alábòójútó ọjà rí ní Cairo, jókòó, ó kọ ìwé kékeré kan lórí ohun tó fà á. Ó gbà pé omi odò Náìlì tí kò kún dáadáa wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ èèyàn ló sọ ìyàn di àjálù tí kò lọ. Ó ka ohun mẹ́ta: àwọn tó fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ra ipò ìjọba, owó ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé lé àwọn àgbẹ̀ lórí, àti owó bàbà tí ìjọba ń rọ lọ rẹpẹtẹ títí tó fi gba ipò wúrà àti fàdákà.

Ẹ tún un kà: rìbá, owó ilẹ̀, owó tí kò níye. Ọdún 1405 lọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ o.

Salamanca: owó náà lè wọ́n

Lọ́dún 1526, Copernicus, ẹni kan náà tó sọ pé ayé ló ń yí oòrùn ká, kọ ìwé kan lórí owó ilẹ̀ Prussia. Ó ṣàlàyé pé tí ìjọba bá ń po bàbà mọ́ owó fàdákà, àwọn èèyàn á kó owó gidi pamọ́, wọ́n á máa ná èyí tí kò dára, ọjà á sì máa wọ́n sí i.

Àmọ́ ní Spain, kì í ṣe àbùlà ló dé. Fàdákà gidi ló ń wọlé bí omi. Lọ́dún 1545 ni wọ́n rí òkè fàdákà Potosí, ní ibi tí à ń pè ní Bolivia lónìí, tí wọ́n fi iṣẹ́ tipátipá pa àìmọye àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ lára. Ọkọ̀ òkun ń kó fàdákà wá sí Seville, ọjà Spain sì ń lọ sókè. Láàrin 100 ọdún, iye owó ọjà wọn di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí ẹ bá pín in sí ọdọọdún, kò ju bíi 1% sí 1.5% lọ. Ẹ̀yin tó ń gbé Èkó lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fún àwọn tí kò rí irú ẹ̀ rí, ìyàlẹ́nu ńlá ni.

Lọ́dún 1556, àlùfáà kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Salamanca, Martín de Azpilcueta, rí ìdí rẹ̀. Ó ní bí ọjà ṣe ń wọ́n tí kò bá tó, bẹ́ẹ̀ náà ni owó. Níbi tí owó kò bá ti pọ̀, owó díẹ̀ á ra ọjà púpọ̀, á sì gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Níbi tó bá ti pọ̀, ìdàkejì ni. Ó fi Faransé wé Spain: owó ò pọ̀ ní Faransé, búrẹ́dì àti wáìnì sì rọjú níbẹ̀.

Tí èyí bá ṣòroó gbà, ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó tuntun ò sì sí níta. A fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Owó náà wọ́n gan-an bí epo ṣe ń wọ́n. Ohun tí Azpilcueta kọ nìyẹn, a sì fojú ara wa rí i.

Ní Faransé, Malestroit sọ lọ́dún 1566 pé ọjà ò wọ́n rárá, pé àwọn ọba ló ń dín fàdákà inú owó kù. Jean Bodin dá a lóhùn lọ́dún 1568 pé ìdí márùn-ún ló wà, èyí tó tóbi jù sì ni wúrà àti fàdákà tó ya wọlé. Ó ka àwọn oníṣòwò tó di ọjà mú pọ̀ mọ́ ọn, àti ìnákúnàá àwọn ọba. Bodin ò fi ẹ̀bi lé ohun kan ṣoṣo lórí, ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀.

Ká ní wọ́n pín owó fún gbogbo wa lóru

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí ti ní ìdáhùn láti 1752. David Hume, ará Scotland, ní ká ní iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kan, tí pọ́n-ùn márùn-ún bọ́ sínú àpò gbogbo ará Britain. Owó ìlú á lé ní ìlọ́po méjì. Ṣé ìlú ti lówó nìyẹn? Hume ní rárá. Àgbàdo inú oko ò pọ̀ sí i, aṣọ tí wọ́n hun ò pọ̀ sí i. Ohun tó máa yí padà kò ju iye owó ọjà lọ.

Àmọ́ nínú ayé gidi, ẹnikẹ́ni kì í pín owó tuntun dọ́gba, kì í sì í dé ọwọ́ gbogbo wa lóru kan náà. Ẹni tó rí ìyẹn jù ni Richard Cantillon, ọmọ Ireland tó ń ṣe báńkì ní Paris. John Law, ará Scotland, ti dá báńkì kan sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1716, ó ń tẹ owó bébà, ó sì so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ ìṣòwò Mississippi. Lọ́dún 1719, gbogbo Paris ń sáré ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1720, gbogbo rẹ̀ wó. Cantillon ti tà kó tó wó, ó sì di olówó ńlá.

Nínú ìwé rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1755 lẹ́yìn tó ti kú, ó tọ ipa owó tuntun láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ká ní ẹnìkan rí ibi tí wúrà wà nílẹ̀. Òun àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ná an, iye owó àtijọ́ ni wọ́n sì ń fi ra ọjà. Àwọn tó ń tajà fún wọn náà jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò yí padà, ọjà ti gbówó lórí. Ẹni yẹn á san iye tuntun látinú owó àtijọ́.

Tèmi ni pé tí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ má gbàgbé Cantillon. Ọ̀wọ́n gógó máa ń gbé nǹkan láti àpò kan sí òmíràn, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jẹ gbèsè ńlá ń jèrè, torí náírà tó máa fi san án ti fúyẹ́. Ẹni tó ní ilẹ̀ àti dọ́là ò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ẹni tó ń gba owó oṣù, ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, àti ìyá tó ń dá àjọ, àwọn ló ń sanwó.

Owó ẹyọ: èyí ṣẹlẹ̀ sí wa

Ilẹ̀ Yorùbá ti gba irú ìdánwò yìí kọjá kí náírà tó dé. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná, erékùṣù Maldives ló sì ti ń wá fún ìgbà pípẹ́. Ìṣirò wa ṣì ń rántí rẹ̀: ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò kan, jẹ́ 20,000. Ohun tó ń mú kí owó ẹyọ níyì ni pé ibi tó ti ń wá jìnnà, kò sì sí ẹni tó lè ṣe é nílé.

Láàrin àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò láti Hamburg ní Jámánì rí irú ẹyọ mìíràn ní etíkun Zanzibar àti agbègbè rẹ̀. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n kó o wá sí etíkun wa lọ́kọ̀ ọkọ̀, wọ́n fi ra epo pupa. Láàrin nǹkan bí 50 ọdún, iye owó ẹyọ já wálẹ̀ débi pé owó tí wọ́n fi ń san alárù tó ń rù ú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iye tó wà nínú àpò náà tán. Àwọn tó kó ọrọ̀ wọn pamọ́ sínú ẹyọ rí i tó ń yọ́ lójú wọn. Ta ló jèrè? Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Cantillon ì bá ti dá ìtàn yìí mọ̀.

Ìṣirò Fisher

Lọ́dún 1911, Irving Fisher, olùkọ́ ní Yale, kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sínú ìlà kan:

Owó tó wà nílùú × iye ìgbà tó ń yí ọwọ́ padà = iye owó ọjà × ọjà tí a tà.

Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ mú ₦1,000 kan. Láàárọ̀, ẹ fi ra tòmátì. Ìyá onítòmátì fi san owó ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà fi jẹun nílé oúnjẹ. Bébà kan, àmọ́ ó ti ṣiṣẹ́ ₦3,000 lọ́jọ́ kan. Tí owó bá pọ̀ sí i, tàbí tó ń sáré láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ọjà ò sì pọ̀ sí i, ohun tó kù tó lè yí kò ju iye owó ọjà lọ. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá dín kù, tí owó ò yí padà rárá, iye owó á ṣì lọ sókè. Ìṣirò kan náà gba apá méjèèjì láyè.

Jámánì, 1923: owó ló fà á ni, àbí dọ́là?

Ṣáájú ogun 1914, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí máàkì 4.2. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá 1923, ó di tírílíọ̀nù 4.2. Wọ́n ń san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, torí owó àárọ̀ ò ní lè ra búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́.

Àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Karl Helfferich àti ọ̀pọ̀ aláṣẹ ní títẹ owó kọ́ ló fà á. Wọ́n ní owó ìtanràn ogun tí Jámánì ń san ló mú kí dọ́là lọ sókè, dọ́là gbé ọjà sókè, báńkì sì kàn ń tẹ owó kí ìlú lè rí owó ná. Àwọn alátakò ní tí báńkì bá dẹ́kun títẹ owó fún ìjọba, gbogbo rẹ̀ á dúró. Ní oṣù Kọkànlá yẹn, wọ́n gbé owó tuntun jáde, Rentenmark, wọ́n fi ààlà sí iye tí wọ́n lè tẹ̀, wọ́n sì dẹ́kun yíyá ìjọba lówó. Ó dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó ìpamọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn arúgbó ti lọ ráúráú, kò sì padà mọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Keynes, Friedman àti owó ìtọ́jú

Lọ́dún 1936, John Maynard Keynes ní ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Tí ilé-iṣẹ́ bá ti pa, tí èèyàn ń wáṣẹ́ tí kò rí, owó tuntun lè gbé iṣẹ́ dìde kó tó gbé ọjà sókè. Lọ́dún 1958, A. W. Phillips, ọmọ New Zealand tó ń kọ́ni ní London, wo àkọsílẹ̀ Britain láti 1861 sí 1957. Ó rí i pé nígbà tí àìríṣẹ́ṣe bá kéré, owó iṣẹ́ máa ń yára lọ sókè. Àwọn kan wá rò pé ìjọba lè fi ọ̀wọ́n gógó díẹ̀ ra iṣẹ́ fún àwọn èèyàn.

Milton Friedman ò gbà. Nínú ìwé tí òun àti Anna Schwartz gbé jáde lọ́dún 1963, wọ́n fi hàn pé owó tó wà ní Amẹ́ríkà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàrin 1929 sí 1933, ọjà sì já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó di ìparí 1967, ó kìlọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọjà máa gbówó lórí, wọ́n á ti béèrè owó oṣù tó máa bá a dọ́gba, iṣẹ́ tí ìjọba rò pé òun ń rà á sì pòórá. Àwọn ọdún 1970 dá a láre: epo rọ̀bì gbówó lórí lọ́dún 1973, ọ̀wọ́n gógó àti àìríṣẹ́ṣe sì jọ rìn pọ̀.

Paul Volcker gba báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1979. Ó jẹ́ kí èlé gorí òkè débi tó fi sún mọ́ 20%. Ọ̀wọ́n gógó tó ti kọjá 14% lọ́dún 1980 wá sí abẹ́ 4% lọ́dún 1983. Àmọ́ ní ìparí 1982, ó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ríṣẹ́. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbé e mu kọ́ ló fa àìsàn náà.

Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ báńkì àpapọ̀ ti ń lo èlé bí oògùn àkọ́kọ́.

Ohùn kan láti Latin America

Ní àwọn ọdún 1950, Juan Noyola ọmọ Mexico àti Osvaldo Sunkel ọmọ Chile sọ pé oògùn yìí ò bá gbogbo ara mu. Ní orílẹ̀-èdè tí àgbẹ̀ ò lè yára pèsè oúnjẹ tó bí ìlú ńlá ṣe ń kún, tó sì ń ta ọjà kan tàbí méjì sókè òkun kó tó rí dọ́là, ọ̀wọ́n gógó ti wà nínú bí ọrọ̀ ajé náà ṣe rí. Tí ẹ bá gbé èlé sókè níbẹ̀, ẹ ò sọ ọ̀nà oko di dídára. Ẹ lè pa oníṣòwò kékeré lásán.

Friedman ní owó. Noyola ní ọ̀nà oko àti dọ́là. Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ní méjèèjì nínú.

Ó wá kan wa

Òfin CBN ti 2007 sọ pé owó tí báńkì náà máa yá ìjọba àpapọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 5% owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó kọjá. "Ways and Means" ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin buwọ́ lu sísọ ₦22.7 tírílíọ̀nù irú owó bẹ́ẹ̀ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Owó tuntun nìyẹn o. Ó ti jáde, wọ́n ti ná an, kò sì kọ́kọ́ gba ọwọ́ yín kọjá.

Lóṣù kan náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà dọ́là. Ìyẹn náà gbé ọjà sókè, gẹ́gẹ́ bí Helfferich ì bá ti wí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, NBS ní ọ̀wọ́n gógó dé 34.8%, kí wọ́n tó yí ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ padà lọ́dún 2025. CBN ti gbé èlé rẹ̀ dé 27.5% lóṣù tó ṣáájú. Oògùn Volcker ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun kan ṣoṣo ló fà á ń fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́. Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ wọn, ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè:

1. Ṣé owó ló pọ̀ sí i ni, àbí ọjà ló dín kù? Tó bá jẹ́ méjèèjì, èwo ni wọn ò dárúkọ?
2. Ta ló kọ́kọ́ ná owó tuntun náà?
3. Ta ló ń mu oògùn? Tí èlé bá gòkè, ìyá tó yá owó ra ẹ̀rọ ìlọta ń mu nínú rẹ̀. Ṣé ẹni tó ná ₦22.7 tírílíọ̀nù náà ń mu?

Ohun kan tó kù: tí NBS bá ní ọ̀wọ́n gógó ti lọ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọjà ti rọjú. Ó kàn ń gùn díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Owó oṣù yín ló yẹ kó lé e bá. Tí ọ̀gá yín bá fi ìròyìn náà sọ pé kò sí ìdí láti fi kún owó yín mọ́, ẹ fi àpilẹ̀kọ yìí ránṣẹ́ sí i.